Tíṣà Tó Di Nọ́ọ̀sì, Atẹ̀wé Tó Di Dókítà: Ẹ Jẹ́ Ká Wẹ̀yìn Wò Ká Tó Tilẹ̀kùn

  

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ló ni ojú ewé ìtàn nínú ìwé ìròyìn wa. Èkó ni ìtàn ti oṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wa níbí ló máa parí sí. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan.

Lọ́dún tó kọjá, fọ́ọ̀mù 14 ló wọlé fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń fúnni. Èmi ni mo kó wọn jọ. Èmi náà ni mo kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọn ò mú. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn, àǹtí mi ni mo kọ ọ́ sí, àbúrò màmá mi.

Ọdún 11 ni àǹtí yìí fi ṣiṣẹ́ ní bánkì. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: aṣọ tó mọ́, ọ́fíìsì tó tutù, owó tó ń wọlé lóṣooṣù. Ìgbà tí ìyá wa àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn, àǹtí ló ń sùn tì wọ́n ní ọsibítù fún odindi oṣù mẹ́ta, títí màmá fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Inú ìwé WAEC wọn àkọ́kọ́, Commerce àti Accounting ló kún ibẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì ń béèrè Biology, Chemistry àti Physics, pẹ̀lú English àti Mathematics. Ẹni ọdún 34 tó ti ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ wá lọ ra fọ́ọ̀mù GCE, ó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Wọ́n yege, wọ́n sì wọlé.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gúrúùpù yìí nígbà tí ìròyìn yẹn jáde. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa fi ohùn ránṣẹ́: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí o? Ẹni tó ń ka owó ni yóò wá máa gbé póò kiri?" Àǹtí fèsì pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi. Ẹnì kan ló gbé póò fún màmá wa títí wọ́n fi lọ." Gbogbo gúrúùpù dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wa ò dákẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó máa gba owó náà kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tíì ní ìwé ẹ̀rí gíga kankan. Méjèèjì ni àǹtí kùnà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Ẹ kò kúnjú òṣùwọ̀n," mo fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà: "O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ lo ṣe." Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé nípa àwọn tó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera. Ohun tí mo rí ni pé ká ní fọ́ọ̀mù tiwa ni wọ́n fi wọn àwọn àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá, a ò bá ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti méjì.

Atẹ̀wé tó di dókítà

Ọdún 1861 ni wọ́n bí Dókítà Oguntola Sapara ní Freetown, nílẹ̀ Sàró. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tó yá ló bọ́ orúkọ òyìnbó yẹn sílẹ̀ tó gbé Oguntola Sapara wọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà.

Ìdílé wọn dé Èkó ní 1876. Ọmọ ọdún 15 ni Sapara nígbà náà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n sì fi í kọ́. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Ìwé Ìròhìn ti Abẹ́òkúta ti jáde láti 1859. Ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ ìwé, ilé ẹ̀kọ́ ń lo ìwé, ìjọba náà ń tẹ ìwé. Iṣẹ́ ọ̀làjú ni, àfi bí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lóde òní.

Síbẹ̀, ó kúrò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó lọ sí ọsibítù ìjọba ní Èkó. Kì í ṣe dókítà tó dé ibẹ̀ o. Ẹni tó ń bá wọn po oògùn ni, tí dókítà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ó gbàwé ẹ̀rí ní 1895, ó sì wọ iṣẹ́ dókítà ìjọba ní Èkó ní 1896. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni ọdún 34 ni kó tó di dókítà. Ọjọ́ orí tí àǹtí mi fi lọ jókòó ṣe GCE gan-an nìyẹn.

Kí ló wá fi ipò náà ṣe? Ẹ̀yin àgbà mọ àrùn kan tí wọn kì í pè lórúkọ gangan láyé ìgbà yẹn. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ìlú tó bá wọ̀, ẹkún ló kù. Lọ́dún 1897, Sapara lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àrùn yìí. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó yọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn aworo Ṣọ̀pọ̀ná, ó di ọ̀kan nínú wọn, kó lè mọ ohun tó ń lọ nínú. Ó wá rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha nǹkan lára ẹni tí àrùn náà mú, wọ́n á fi kó o ran ẹlòmíràn. Ìròyìn tó mú jáde wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò wá bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Sapara fúnra rẹ̀ ò kórìíra ohun ìbílẹ̀. Ó ń wá ìmọ̀ ewé àti egbò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn wa títí tó fi kú ní 1935. Àrùn náà kò sí mọ́ lónìí. Ní 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán lórí ilẹ̀ ayé.

Ohun tí mo fẹ́ ká mú níbẹ̀ ni pé dókítà òyìnbó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ṣé ó lè wọ ẹgbẹ́ aworo? Kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti gbé ìgboro Èkó, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, tó ti bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, tó sì gbọ́ èdè, òun ló lè ṣe é. Àwọn ọdún tó lò kó tó di dókítà kò ṣòfò.

Tíṣà tó di nọ́ọ̀sì

Èkejì, obìnrin ni. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Scott nílé baba rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní 1915, nínú ilé tó rí já jẹ. Láti kékeré ló ti ń sọ pé òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ò gbà. Ẹ má tètè dá bàbá lẹ́bi o. Ní àwọn ọsibítù ìjọba ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó obìnrin ló ń ṣe ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ wa tó bá wọ iṣẹ́ náà, ọmọ abẹ́ ló máa jẹ́. Ọdún 1947 ni òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bàbá wo ló máa rán ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé dáadáa lọ síbi tí kò lóòkè?

Ó kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní CMS Girls' School ní Èkó. Iṣẹ́ iyì ni. Tíṣà ayé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́nà, àgbà á dìde kí wọn. Ní 1941, ó fẹ́ Olu Pratt tó jẹ́ apòògùn. Nígbà tí ọkọ lọ kọ́ ìmọ̀ dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó náà tẹ̀ lé e ní 1946. Kò lọ jókòó ti ọkọ o. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale, ní ọsibítù St Thomas' ní London, èyí tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860.

Obìnrin tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, abilékọ, tó ti jẹ́ tíṣà tí ọmọ ń pè ní "mà", ló padà di akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù. Aláìsàn kan tiẹ̀ wà tó ní òun ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú fọwọ́ kan òun. Ẹ fi ara yín sí ipò yẹn. Ó fara dà á. Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ NHS, ètò ìlera gbogbogbòò wọn. Màmá Pratt sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ní 1954, ó padà wálé. Ó wọ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ọsibítù tí wọ́n ṣí ilé rẹ̀ ńlá ní 1957. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di mátírọ́nì ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀. Ó di igbá-kejì ààrẹ ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àgbáyé, ó di kọmíṣánnà ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ó kú ní 1992.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ló wú mi lórí jù. Ohun tó wú mi lórí ni pé iṣẹ́ tíṣà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965, ó wà lára àwọn tó jà fún un kó tó ṣeé ṣe. Ó tún darí ìwé àtìgbàdégbà kan fún àwọn nọ́ọ̀sì. Tíṣà ló kọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì náà ló wá di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ràn án lọ́wọ́ nínú èkejì.

Ohun tí ìtàn méjèèjì kọ́ mi

Àkọ́kọ́, ẹni tó yí iṣẹ́ padà kò bẹ̀rẹ̀ ní òdo. Àǹtí mi tó ṣe bánkì fún ọdún 11, ìmọ̀ àkọsílẹ̀ owó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ rántí àpótí owó oògùn tí ẹgbẹ́ wa dá sílẹ̀ fún ilé ìlera ìlú wa. Ṣebí torí pé kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀ ló ṣe kú? Oògùn tán nílẹ̀, owó náà tán, kò sẹ́ni tó jalè, a kàn ò mọ bí ó ṣe lọ ni. Nọ́ọ̀sì tó mọ ìṣirò owó, ṣé irú rẹ̀ ò wúlò fún wa?

Èkejì, ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń rẹni sílẹ̀ kó tó gbéni ga. Sapara po oògùn. Pratt gbé póò. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń bi mí pé kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta wo lèèyàn lè ṣe kó fi japa, ọ̀rọ̀ yín rèé. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó nílé ìtọ́jú àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì níyì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà fún àwọn olùtọ́jú ní oṣù Kejì 2022. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ kó ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ wá mọ́. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n dá gbígba àwọn olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun dúró. Ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ṣí, òun náà ló máa tì í. Ìmọ̀ tó bá wà lórí rẹ, kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ló le jù láti sọ. Àwọn méjèèjì tí mo sọ ìtàn wọn, ilé wọn kì í ṣe ilé tálákà. Ilé tí lọ́yà ti jáde kì í ṣe ilé ẹni tí ò ní. Ilé àwọn Scott náà rí já jẹ. Ẹ̀yìn wọn kò ṣófo nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ kan kúrò, tí èkejì ò tíì balẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọmọ ta ni lọ́yà nínú wa? Àǹtí mi ti ta mọ́tò wọn láti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kìíní. Wọ́n ti wà ní ọdún kejì báyìí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n tún máa tà.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹgbẹ́ bíi tiwa gan-an ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn fún irú wọn. Bí iwájú ò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn a ṣe é padà sí, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá padà sẹ́yìn tó sì fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn wá síwájú, kò yẹ ká fi ọjọ́ orí lé e dànù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ẹ máa ní owó ò tó, ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé sì ni. Òótọ́ ni. Èmi ni alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́, èmi gan-an ló yẹ kí n fi ara dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ ìpín àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé ìlera wa. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ ìsinmi, ọlọ́mọ tuntun á gun ọ̀kadà lọ sí ìlú kejì. Ta ló ń jìyà rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ kan náà ni, àtàwọn ọmọ wọn.

Ẹ tún máa ní bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́ tán, wọ́n á japa. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá lọ ló máa padà bíi Màmá Pratt. Ìyẹn náà ló fi yẹ ká kọ àdéhùn sílẹ̀. Àbá mi rèé fún ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀:

Kí a yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí kúrò nínú fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ìlera tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti apòògùn.

Nínú àyè mẹ́wàá tí à ń fún àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún, kí méjì jẹ́ tiwọn. Mẹ́jọ tó kù, ti àwọn ọ̀dọ́ ni gẹ́gẹ́ bí ó ti wà.

Kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lùwé pé òun máa sin ìlú fún ọdún méjì ní ilé ìlera wa, tàbí kó dá owó náà padà. Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ bá wa kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà tàbí bánkì nílé rí, tẹ́ ẹ wá di nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀. A máa ń rí fọ́tò yín nígbà ọdún, a kì í gbọ́ ohun tó ná yín. Bí ẹ bá sọ ọ́ síbí, ẹni kan nílé lè ti ibẹ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà, tàbí kó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe tòun.

Àti ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ sí, ẹ dárí jì mí tí mo fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ. Ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́, ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ó wò: bí bàbá Kofoworola bá ti rí ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ di ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, kí ni wọ́n máa sọ?

Lẹ́tà tí mo kọ sí àǹtí mi ṣì wà nínú fáìlì ẹgbẹ́, òǹtẹ̀ mi wà lórí rẹ̀. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, èmi náà ni mo fẹ́ kọ èkejì. Mo ti mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

 Ìlú wa á gbòòrò, a ò ní rí ogun àìsàn. Àṣẹ.

Alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́